Ọ̀rá Dúdú Abẹ́ Bẹ́ẹ̀dì

Àbúrò mi, sún mọ́ mi díẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí à ń pariwo ẹ̀. Ọkùnrin ni jẹjẹrẹ próstéètì ń bá jà, àmọ́ àwa obìnrin ilé la máa ń ra kápúsù kiri. Èmi gan-an rà á. Nígbà tí àìsàn yẹn ti wọ bàbá ọkọ mi léegun, tí dókítà sọ pé kò ní kúrò lára wọn mọ́, pé bí ara ṣe máa tù wọ́n làwọn ń wá, kò sí ohun tí wọ́n polówó nínú bọ́ọ̀sì tí n ò rà. Kápúsù tòmátì, ewé gbígbẹ tí wọ́n lọ̀ kúnná, àgbo inú ìgò tó ń rùn fún ogógóró. Inú ọ̀rá dúdú kan ni mo ń kó gbogbo ẹ̀ sí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí ọkọ mi má baà béèrè iye tí mo rà á.

Nọ́ọ̀sì kan ló fọgbọ́n yọ ọ̀rọ̀ ọ̀rá yẹn lẹ́nu mi. Ó ní kí n kó wọn wá. Mọ́kànlá ló pé lórí tábìlì. Ó gbé ìgò kan tí kò ní lébẹ́ẹ̀lì sókè sójú iná, ó mì ín, ó ní, "Àǹtí, kí ló wà nínú eléyìí?" Ẹnu mi wọhò.

Ìbéèrè yẹn ti ju àgbo wa lọ. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ta kápúsù kan tí wọ́n ń pè ní PC-SPES, ewé àti egbò oríṣi mẹ́jọ ni wọ́n ní ó wà nínú ẹ̀. PSA àwọn tó ń lò ó, ìyẹn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí dókítà fi ń ṣọ́ jẹjẹrẹ yìí, ń wálẹ̀, ni wọ́n bá ń sáré rà á. Ìgbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n bá warfarin nínú àwọn kan, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, wọ́n tún bá DES, oògùn àtijọ́ tó ń ṣiṣẹ́ bíi họ́mónù obìnrin. Ọdún 2002 ni wọ́n kó o kúrò lọ́jà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílùú òyìnbó náà, St John's wort tẹ́ ẹ fi ń lé ìrẹ̀wẹ̀sì lè sọ abiraterone, oògùn jẹjẹrẹ próstéètì tí dókítà kọ, di aláìlágbára.

Má rò pé mo kórìíra ewé o. Inú ewéko ni morphine tó ń pa ìrora ti wá, inú ewé igi ni wọ́n sì ti ń ṣe docetaxel, oògùn jẹjẹrẹ. Oògùn ìrora mú kí Bàbá lo ọjọ́ mẹ́rin láì ṣe ìgbọ̀nsẹ̀, inú wọn le bí pákó. Senna ni dókítà kọ, mọ̀lẹ́bí àsúnwọ̀n tiwa. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní kí n bu àmàlà wá. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé dókítà mọ iye tó yẹ kí wọ́n lò. Àgbo ológógóró ní tiẹ̀, má gbé e sún mọ́ aláìsàn: jẹjẹrẹ yìí lè dí ọ̀nà ìtọ̀, kíndìnrín á ti máa jìyà tẹ́lẹ̀.

Owó kápúsù ni mo fi ń ra ẹja àti ẹyin báyìí. Tòmátì wà nínú ọbẹ̀. Abẹ́rẹ́ họ́mónù a máa mú kí ooru gbé wọn lójijì lóru, òógùn á bò wọ́n; ìró ankara fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni mo ń tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì, mo sì ń gbé abẹ̀bẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí. Láàárọ̀, a jọ ń rìn dé géètì, díẹ̀díẹ̀, kí iṣan ẹsẹ̀ má baà joro.

Bí ìwọ náà bá ní ọ̀rá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, jọ̀ọ́, gbé e dání lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá tún ń lọ rí dókítà. Má fi ìgò kankan sílẹ̀ nílé.