Okùn Ìsáṣọ Kì í Ṣe Okùn Ajá

Ẹ̀pẹ́,
Ọjọ́ Ẹtì.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

O ti mọ̀ kí o tó tú lẹ́tà yìí pé ọ̀rọ̀ ajá ni.

Wọ́n ní o ń mú ajá Boerboel rẹ yẹn jáde sójú ọ̀nà Ṣàgámù láàárọ̀, okùn ìsáṣọ lọ́wọ́ kan, fóònù lọ́wọ́ kejì. Ẹni tó sọ ọ́ fún mi fẹ́ràn àsọdùn, mo sì ti yọ ìdajì kúrò nínú rẹ̀. Ìdajì tó kù kò jẹ́ kí ara mi balẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ bá ọ jiyàn lé lórí kò ju ẹyọ kan lọ: kì í ṣe bí okùn ṣe nípọn tó ló ń dá ajá dúró, bí kò ṣe àyè tí ajá rí sáré kí okùn tó le. Ajá tó wọn kílò 60, tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan rẹ, o lè fi ara tì í. Fún ajá kan náà ní okùn mítà márùn-ún, kí ewúrẹ́ kan fò kọjá, yóò ti ki eré mọ́lẹ̀ kí ọwọ́ rẹ tó mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tí ajá fi ń já lọ kì í di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ló ń dà. Greyhound tí wọ́n fi ń sáré ìje lè sá tó nǹkan bíi kìlómítà 70 ní wákàtí kan. Tìrẹ kò lè sá tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó wúwo tó Greyhound méjì. Nítorí náà, okùn mítà kan àti ààbọ̀ tó, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó ń ká wọ inú ike, tó ń gùn tó sì ń kúrú fúnra rẹ̀, má rà á rárá. Okùn inú rẹ̀ tín-ín-rín, ó lè gé ọmọ ìka, ó sì ń kọ́ ajá pé bí òun bá ti fà, àyè á gbà á sí i.

O máa ní ṣéènì ńkọ́. Ṣéènì kì í nà, gbogbo ìfà òjijì yẹn, èjìká rẹ àti ọrùn ajá ni wọ́n jọ máa pín in. Gbé èyí tí wọ́n ń tà ní Sábó síwájú iná, wo ojú kọ̀ọ̀kan: ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọn kò jó pọ̀, wọ́n kàn tẹ irin ko ara wọn ni, wàá rí àlàfo tí èékánná lè wọ̀. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà wa yìí sì ń mú kí ṣéènì dípẹtà níbi tí irin ti ń ha irin, níbi tí ojú kò tó. O máa ní ajá ń jẹ okùn. Òótọ́ ni, ajá tí a so mọ́lẹ̀ tí kò ríṣẹ́ ṣe ló ń jẹ ẹ́. Lo ṣéènì nídìí òpó, kí o fi okùn rìn. Èmi náà gba ṣéènì gbọ́ nígbà kan. Ìgbàgbọ́ yẹn ná mi ní nǹkan.

Ra náílọ́ọ̀nù pẹlẹbẹ tó fẹ̀ tó ìka méjì, irú bẹ́líìtì inú mọ́tò, nítorí ó máa ń nà díẹ̀ kó tó le. Kí ṣúmékà fi òwú líle rán ojú rẹ̀, má ta á ní kókó. Bi àwọn apẹja Ẹ̀pẹ́ léèrè, ibi kókó ni okùn ti ń já. Kókó lè gba bí ìdajì agbára okùn. Ìkọ́ kékeré ẹnu okùn tó ń dán bíi góòlù yẹn ló máa kọ́kọ́ dà ọ́. Wá ìkọ́ irin tó ní skúrù tí a ń yí dé. Ọrùn nìkan kò sì tó: ra ọ̀já àyà tó ní òrùka níwájú, kí ìfà máa yí ajá padà sọ́dọ̀ rẹ. Òrùka ẹ̀yìn nìkan ni ti àwọn ajá tó ń fa ẹrù lórí yìnyín, ìyẹn ni pé o fún un láyè láti fà ọ́.

Àwọn kan á sọ fún ọ pé ọdẹ kì í fi okùn mú ajá rìn nígbó. Ajá ọdẹ kò wúwo tó ìdajì tìrẹ, igbó kò sì ní ọ̀kadà àti ọmọ ilé ìwé. N kò ní í pa òwe fèrè ọdẹ fún ọ. Ẹ ti gbọ́ ọ sú ní ilé yín. Ajá ìgboro tí tìrẹ bá sì já lọ bá jà lè ní dìgbòlugi nínú itọ́ rẹ̀, nítorí náà abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ajá tìrẹ kò gbọdọ̀ kọjá ọjọ́.

Fi àtàǹpàkò kọ́ ojú okùn, má we é mọ́ ọrùn ọwọ́. Fi fóònù sílé. Ọjọ́ Ajé ni mò ń gba Ìtòkín bọ̀. Kí n bá okùn tuntun lára ìkọ́ ẹnu ọ̀nà.

Èmi ni,
Àbúrò bàbá rẹ.