Pa Iná Yẹn Nítorí Ọlọ́run

Ẹ̀yin ọmọ mi, mò ń rí yín. Ẹ ń jí kírun àsùbáà, ẹ ń gbààwẹ̀, ẹ kì í pa ìsìn ọjọ́ Ìsinmi jẹ, síbẹ̀ fáànù ń fẹ́ àga lásán nínú yàrá yín láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹ jókòó, kí n bá yín sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

1. Má ṣe àpà. Súrà Al-Isra, ẹsẹ 26 àti 27, fi onínàákúnàá ṣe ọmọ ìyá Ṣàtánì. Bó bá sì ṣe ṣọ́ọ̀ṣì lò ń lọ, rántí pé lẹ́yìn tí Jésù bọ́ ẹgbẹ̀rún márùn-ún ọkùnrin tán, ó ní kí wọ́n ṣa àjẹkù jọ, agbọ̀n 12 ló sì kún. Ẹni tó lè sọ búrẹ́dì márùn-ún di púpọ̀ kò jẹ́ kí èérún ṣòfò. Mélòó mélòó wá ni ìwọ tó ń ra yúnìtì díẹ̀díẹ̀?

2. Ṣírò rẹ̀. Gílóòbù ayé àtijọ́ tó jẹ́ wáàtì 60, bó bá ń jó láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ di mẹ́fà àárọ̀, á jẹ yúnìtì 21 ó lé díẹ̀ láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Gílóòbù LED oníwáàtì 9 tó mọ́lẹ̀ tó o kò ní jẹ ju 3 ó lé díẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n gbé owó yúnìtì kan lọ sí náírà 225 fún àwọn ará Band A, àwọn tí iná wọn pọ̀ jù lọ, ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ìyàtọ̀ yẹn lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà lórí gílóòbù kan ṣoṣo. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Yọ nínú owó tó ṣẹ́kù fún opó tó wà ládùúgbò rẹ, nítorí ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

3. Bí wọ́n bá mú iná lọ, yọ áyọ́ọ̀nù kúrò lára ògiri. Gbogbo wa la mọ bó ṣe ń rí. O tẹ́ agbádá Jímọ̀ sórí tábìlì, o lọ apá kan tán, iná lọ. Inú bí ọ, o mú aṣọ mìíràn wọ̀, o fi áyọ́ọ̀nù sílẹ̀ níbi tó dùbúlẹ̀ sí, o tilẹ̀kùn, ó di mọ́ṣáláṣí. Ìwáásù ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí iná dé, tí àwọn ọmọdé ké "Ọ́ọ̀pù NEPA!" Áyọ́ọ̀nù ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná nínú ilé tí kò séèyàn. Kí ẹ tó kírun tán, èéfín ti ń gba ojú fèrèsé jáde. Nínú hádíìsì tí Bukhari gbà sílẹ̀, Ànọ́bì ní ká máa pa àtùpà ká tó sùn, torí eku lè fa òwú rẹ̀ kó sì sun ilé mọ́ onílé lórí. Wáyà ti rọ́pò òwú, àṣẹ náà kò yí padà. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

4. Má fi wáyà gba ẹ̀yìn mítà. Olè ni, bó ti wù kí iwájú orí rẹ dúdú fún ìforíkanlẹ̀ tó. Mo mọ̀ pé ìwé owó iná àfojúdá ti pa ọ̀pọ̀ ilé lẹ́kún, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ iléeṣẹ́ iná kò sọ tìrẹ di halali. Ẹni tí kì í sanwó iná kì í sì í pa á. Bí irú wọn bá pọ̀ lórí tiransifọ́má kan, ó lè bú gbàù, kí ẹja bàjẹ́ mọ́ ìyá elẹ́ja dídì lọ́wọ́, ẹni tó ń sanwó tirẹ̀ déédéé.

5. Má sọ ìṣọ́ná lò di ahun. Yàrá tó ṣófo ni kí o pa iná rẹ̀. Má pa fáànù mọ́ aláìsàn lára, má sì jẹ́ kí ìyá àgbà máa táràrà lọ sílé ìtọ̀ lóru.

6. Mú àṣà yìí dé ilé ìjọsìn. Póòpù Francis ka pípa iná tí a kò lò mọ́ iṣẹ́ ìfẹ́ sí ẹ̀dá Ọlọ́run nínú Laudato Si', ìwé tó kọ lọ́dún 2015. Síbẹ̀ má ṣe dìde láàárín ìjọ láti kọ́ àwọn àgbà lẹ́kọ̀ọ́. Bó bá jẹ́ mọ́ṣáláṣí ni, dúró di ìgbà tí wọ́n bá kírun ìṣáì tán, lọ bá ládánì, kúnlẹ̀ tàbí kí o dọ̀bálẹ̀, kí o ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n máa bá yín pa àwọn fáànù yìí lálaalẹ́."