Ẹ̀kọ́ Oṣù Yìí: Ẹ Ro Ti Ilé Ìdáná Kí Ẹ Tó Fi Ìpìlẹ̀ Lélẹ̀

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń yá owó ẹgbẹ́ kọ́lé. Owó àjọní ni, kò sì yẹ kó ṣòfò. Bí a bá kọ́ ògiri tán tí a tún wó o, búlọ́ọ̀kù àti simẹ́ńtì ti lọ, ṣùgbọ́n gbèsè ò lọ. Ilé ìdáná ni irú àṣìṣe yìí ti máa ń ṣẹlẹ̀. A máa ń bi bíríkìlà, a máa ń bi káfíńtà, àmọ́ a kì í bi ẹni tí yóò dáná níbẹ̀.

1. Afẹ́fẹ́. Nílẹ̀ wa níhìn-ín, láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ ní ọ̀pọ̀ oṣù ọdún. Ìgbà ọyẹ́ ló máa ń ti àríwá ìlà-oòrùn wá. Bí ilẹ̀ bá gbà á, ẹ fi ilé ìdáná sí igun àríwá ìlà-oòrùn, kí èéfín má baà wọ yàrá. Fèrèsé méjì tó kọjú síra sàn ju ńlá kan lọ. Ẹni tó ń lo igi tàbí èédú, kó ní àtíbàbà lẹ́yìn ilé. Èédú tó ń jó nínú yàrá tí a tì pa lè pani láìjẹ́ pé a rí èéfín kankan.

2. Gáàsì. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń bá rìn. Ẹ gbé sìlíńdà síta, kí ẹ sì dá ihò sísàlẹ̀ ògiri.

3. Ìwọ̀n. Ibi oúnjẹ, ibi omi, ibi gígé nǹkan, lẹ́yìn náà iná: kí wọ́n tẹ̀lé ara wọn. Kí tábìlì ìgéǹkan rẹlẹ̀ díẹ̀ sí ìgbọ̀nwọ́ ẹni tó ń dáná. Nǹkan bí ínṣì 36 ni fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹ wọn ìkòkò tó tóbi jù nílé, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń se oúnjẹ tà, kí ẹnu ọ̀nà lè gbà á. Odó ńkọ́? Ilẹ̀ ni àyè rẹ̀, kì í ṣe orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

4. Omi. Bí ilé ìdáná, ilé ìwẹ̀ àti ilé ìgbẹ́ bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan náà, páìpù kò ní gùn, owó á dín. Kí kànga àti sókàwé jìnnà síra tó ẹsẹ̀ bàtà 50 ó kéré tán. 100 sàn jù. Lórí ilẹ̀ 50 sí 100, ẹ fi ọ̀kan síwájú, èkejì sẹ́yìn, kí kànga wà lápá òkè. Ẹ má gbàgbé sókàwé aládùúgbò.

Ìdánwò kan wà tí kò náni ní kọ́bọ̀. Ẹ kan èèkàn, ẹ ta okùn yí ilẹ̀ ká bí ilé ìdáná yóò ti rí. Ẹ gbé sítóòfù, odó àti àpótí síbẹ̀, kí ẹ pe ìyá ilé kó ṣe bí ẹni ń dáná. Bó bá ní, “Àyè ò gbà mí,” ẹ sún okùn. Okùn ṣeé sún, ògiri ò ṣeé sún. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ lọ ya pláànù, kí ẹ gba ìwé àṣẹ ìkọ́lé.

Ìbéèrè fún ìpàdé: Ta ló ń dáná nílé yín? Ìgbà wo lẹ bi í ní ohun tó fẹ́?