Iṣẹ́ Abẹ Ojú: Ṣe Èyí, Má Ṣe Tọ̀hún

Kataráàtì ni àpẹẹrẹ mi, òfin Nàìjíríà ni mò ń sọ.

Kí abẹ tó kan ojú

ṢE: Béèrè orúkọ ẹni tí yóò mú abẹ. Wádìí bóyá ó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ MDCN, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn dókítà.
MÁ ṢE: Gbé ojú fún ẹni tó ń kiri ìlú, tó ń fi abẹ́rẹ́ ti kataráàtì wọnú ẹyinjú. Ìríran ọjọ́ díẹ̀, wàhálà lẹ́yìn rẹ̀.

ṢE: Dárúkọ gbogbo oògùn tí ò ń lò, ti ìtọ̀ ṣúgà, ti ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ̀yin bàbá tó ń lo tamsulosin nítorí próstéètì, ẹ sọ ọ́ ketekete. Ó lè mú kí ọmọlójú fún lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ.
MÁ ṢE: Rò pé oògùn tí kò kan ojú kò kan dókítà ojú.

ṢE: Jẹ́ kí wọ́n sàmì sókè ojú tí wọ́n fẹ́ ṣe. Ìwọ náà fẹnu ara rẹ sọ ọ́: ọ̀tún tàbí òsì.
MÁ ṢE: Gbà kí wọ́n ṣe méjèèjì lọ́jọ́ kan náà láìsọ ìdí.

ṢE: Béèrè ewu tó wà níbẹ̀. Kòkòrò lè wọ inú ẹyinjú. Awọ tó gbá lẹ́ǹsì mú lè ya. Awọ ẹ̀yìn ẹyinjú, tó ń gba àwòrán, lè ṣí kúrò láyè rẹ̀. Wọn ò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ dókítà tó mọṣẹ́. Òfin Ìlera ti 2014 ní kí wọ́n ṣàlàyé fún ọ, ní èdè tó yé ọ bó bá ti ṣeé ṣe.
MÁ ṢE: Fọwọ́ sí ìwé tí nọ́ọ̀sì nà sí ọ lẹ́nu ọ̀nà tíátà. Ojú tó ṣókùnkùn kò lè kàwé. Mú ọmọ tàbí àbúrò dání kó kà á sí ọ létí.

ṢE: Gba sítíkà inú páálí lẹ́ǹsì tí wọ́n fi sójú rẹ, lẹ̀ ẹ́ mọ́ káàdì rẹ. Agbára lẹ́ǹsì wà lára rẹ̀. Ẹ̀rí ni lọ́la.
MÁ ṢE: Jù ú nù.

ṢE: Níbi ìtọ́jú ọ̀fẹ́ àwọn olóṣèlú, béèrè ẹni tí yóò wò ọ́ lọ́la àti lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.
MÁ ṢE: Rò pé ọ̀fẹ́ gba ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ rẹ.

Lẹ́yìn abẹ

ṢE: Kán oògùn lásìkò. Fi ìbòjú sùn. Bí o bá ń kírun, béèrè ìgbà tí o lè forí kanlẹ̀, àti ìgbà tí omi àlùwàlá lè kan ojú.
MÁ ṢE: Kán ìtọ̀, omi ọmú tàbí àgbo sí i. Má fọwọ́ ra á.

ṢE: Sáré padà bí ojú bá ń ro ọ́, bó bá ń pọ́n sí i, bí ìríran bá ń dínkù, bí ìmọ́lẹ̀ bá ń kọ mànà, tàbí tó bá dà bíi pé wọ́n fa kọ́tìnì bo ẹ̀gbẹ́ kan. Òru ni? Lọ lóru.
MÁ ṢE: Dúró de ọjọ́ tí wọ́n kọ sí káàdì. Ìdádúró yẹn ni lọ́yà ilé ìwòsàn yóò kọ́kọ́ fà yọ bí ọ̀rọ̀ bá dé ilé ẹjọ́.

Bí ojú bá bàjẹ́

ṢE: Ya ewu sọ́tọ̀ kúrò lára àìbìkítà. Ojú tún ṣú lẹ́yìn oṣù mélòó kan nítorí awọ ẹ̀yìn lẹ́ǹsì? Ewu ni, léésà ń tún un ṣe ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Abẹ glaucoma, àìsàn ojú mìíràn, kò dá ìríran padà? Bẹ́ẹ̀ ló rí, ìbàjẹ́ ló ń dá dúró. Ojú ọ̀tún ni wọ́n ṣe dípò òsì? O ké ìrora, wọn ò sì yẹ̀ ọ́ wò? Àìbìkítà nìyẹn.
MÁ ṢE: Rò pé ojú tó fọ́ nìkan tó. Wàá fi hàn pé ìtọ́jú rẹ wà lọ́rùn dókítà, pé iṣẹ́ rẹ̀ kù díẹ̀ káàtó, pé ìyẹn gan-an ló ba ojú jẹ́.

ṢE: Gba ìròyìn dókítà ojú mìíràn, ní ilé ìwòsàn mìíràn. Ní 2006, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ kọ ẹjọ́ obìnrin kan tí abẹ́rẹ́ kán sí lára nígbà iṣẹ́ abẹ ní Benin. Abẹ́rẹ́ kán lóòótọ́. Kò mú ògbógi kankan wá jẹ́rìí.
MÁ ṢE: Kó ará àdúgbò lọ sílé ẹjọ́ dípò ògbógi.

ṢE: Kọ̀wé béèrè ẹ̀dà fáìlì rẹ. Gba òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sórí ẹ̀dà lẹ́tà náà. Òfin Ààbò Dátà ti 2023 fún ọ lẹ́tọ̀ọ́ sí i.
MÁ ṢE: Pariwo kí ó tó tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́. Fáìlì mọ bí a ti ń sọnù.

ṢE: Ka oṣù. Bó bá jẹ́ ilé ìwòsàn ìjọba, òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba lè fi oṣù mẹ́ta péré sílẹ̀ fún ọ láti pẹjọ́. Láti pẹjọ́ ni mo wí, kì í ṣe láti kọ lẹ́tà ẹ̀sùn. Ojú mìíràn ò tíì jinná tán nígbà yẹn. Òfin náà le jù lójú tèmi, ṣùgbọ́n òun ló wà nílẹ̀. Ti aládàáni gùn jù bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni l'Ékòó, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì ní tirẹ̀. Rí lọ́yà lọ́sẹ̀ yìí.
MÁ ṢE: Jẹ́ kí “ẹ ní sùúrù, a máa yanjú ẹ̀” jẹ oṣù mẹ́ta náà tán.

ṢE: Fi ẹ̀sùn ránṣẹ́ sí MDCN. Ìgbìmọ̀ ìbáwí wọn lè bá dókítà wí, wọ́n lè dá a dúró fún ìgbà tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, wọ́n lè yọ orúkọ rẹ̀ kúrò.
MÁ ṢE: Retí owó gbà-máà-bínú níbẹ̀, ilé ẹjọ́ tàbí àdéhùn ló ń mú un wá.

ṢE: Kó rìsíìtì jọ: oògùn, owó ọkọ̀, owó iṣẹ́ tí o kò lè ṣe. Adájọ́ kì í gba àfojúdá.
MÁ ṢE: Fọwọ́ sí “mo ti gbà, ọ̀rọ̀ parí” nítorí pé wọ́n dá owó iṣẹ́ abẹ padà. Má sì gbé orúkọ dókítà sórí Facebook. Ẹjọ́ ìbanilórúkọjẹ́ lè sọ ìwọ olùpẹjọ́ di olùjẹ́jọ́.