ỌDÚN KÌÍNÍ AKẸ́KỌ̀Ọ́ ẸNJINÍÀ NÍ YUNIFÁSÍTÌ

Ẹ̀yin àbúrò wa, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun pé ọmọ ilé-kéú tí ó tún ka ìwé girama kì í ṣe ohun ìyanu mọ́. Lọ́dọọdún ni a ń rí nínú wọn tí ó yege nínú ìdánwò JAMB, tí yunifásítì sì gbà wọlé láti kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà. Ilé á yọ̀, ọ̀nà á yọ̀. Ṣùgbọ́n kí sáà kìíní tó parí, òmíràn nínú wọn yóò ti máa bi ara rẹ̀ léèrè pé, "Ṣé orí mi ni kò pé mọ́ ni?" Orí rẹ̀ pé. Ọ̀nà tí ó ń gbà kàwé ni ó yẹ kí ó yí padà. Èyí ni a fẹ́ ṣàlàyé.

Èkíní: Kí ni wọ́n ń kọ́ ní ọdún kìíní?

Ọdún márùn-ún ni ẹni tí ó gba JAMB wọlé ń lò nídìí ẹ̀kọ́ ẹnjiníà ní Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ ló rò pé láti ọjọ́ kìíní ni àwọn yóò ti máa tú ẹ́ńjìnnì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìṣirò, físíìsì, kẹ́mísìrì àti èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Ìpìlẹ̀ ni wọ́n jẹ́. Ẹni tí kò mọ bí ẹrù ṣe ń tẹ pákó kò lè ṣe afárá tí ọkọ̀ yóò gbà kọjá.

Èkejì: Àkọ́sórí nìkan kò tó.

Ẹ wo al-Ajurrumiyya tí a ń kọ́ ní ilé-kéú. Ọmọ kan lè kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìwo ìwé. Ṣùgbọ́n bí mùálímù bá kọ gbólóhùn tí kò sí nínú ìwé náà sójú pátákó, tí ó ní kí ó ṣe i'rab rẹ̀, ibẹ̀ ni a ó ti mọ̀ bóyá nahw yé e tàbí ó kàn há a sórí ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìdánwò ẹnjiníà rí: ohun tí ojú ẹni kò rí rí ni wọ́n máa ń béèrè.

Ẹ jẹ́ kí á mú àpẹẹrẹ kan. A gbé pákó gígùn kan lé orí òkúta ní àárín gan-an. Ọmọ tí ó wọ̀n ní kílò 30 jókòó ní ìhà kan, mítà 2 sí òkúta. Níbo ni ọmọ kílò 40 yóò jókòó sí ní ìhà kejì tí pákó náà yóò fi dúró gbọọrọ? Òfin rẹ̀ ni pé bí a bá fi bí ọmọ ṣe jìnnà sí òkúta tó sọ ìwúwo rẹ̀ di púpọ̀, iye tí a rí ní ìhà kìíní gbọ́dọ̀ bá ti ìhà kejì dọ́gba. Ẹ sọ 30 di ìlọ́po 2, ó jẹ́ 60. Ẹ pín 60 sí ọ̀nà 40, ó jẹ́ 1.5. Mítà 1.5 ni yóò jókòó sí.

Ẹni tí ó há "1.5" sórí kò tíì mọ nǹkan kan. Bí ọmọ kejì bá jẹ́ kílò 50 ńkọ́? Bí ọmọ kẹta, kílò 10, bá tún jókòó ní mítà 1 ní ìhà ti ẹni àkọ́kọ́ ńkọ́? Ẹ má kàn máa wò ó. Ẹ mú bírò, ẹ ṣe é. Ìmọ̀ yìí kò sì ṣàjèjì sí wa: láti inú al-jabr, ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú orúkọ ìwé tí al-Khwarizmi kọ ní Baghdad ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹsàn-án, ni wọ́n ti rí orúkọ áljẹ́brà.

Ẹ̀kẹta: Bí wọ́n ṣe ń ṣírò máàkì.

Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, A jẹ́ 5, B jẹ́ 4, C jẹ́ 3, D jẹ́ 2, F sì jẹ́ òdo. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní iye yúníìtì tirẹ̀. Bí ẹnì kan bá gba A nínú ìṣirò yúníìtì 3, ó ní 15. C nínú físíìsì yúníìtì 3, ó ní 9. B nínú Gẹ̀ẹ́sì yúníìtì 2, ó ní 8. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 32. Ẹ pín in sí ọ̀nà 8, ó jẹ́ 4.00. Bí ìṣirò yẹn bá jẹ́ F, 17 ni yóò kù, èsì rẹ̀ yóò sì wálẹ̀ sí 2.13. Yóò tún ìṣirò náà ṣe lọ́dún tí ó ń bọ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ tuntun. Èyí ni wọ́n ń pè ní "carry over". Bí yúníìtì ọdọọdún bá dọ́gba, ẹni tí ó fi 2.00 bẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa gba nǹkan bí 3.88 ní ọdún mẹ́rin tí ó kù kí ó tó fi 3.50 jáde. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

Ẹ̀kẹrin: Àkókò àti ìbéèrè.

Ní ilé-kéú, mùálímù ni ó ń wo wàláà wa. Ní yunifásítì, kò sí ẹni tí yóò bi yín bóyá ẹ ti kàwé. Ẹ fi wákàtí kan lẹ́yìn ìrun àsùbá sọ́tọ̀ lójoojúmọ́ fún ìṣirò ṣíṣe, kí ẹ sì tún ṣe iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ yín lọ́jọ́ náà kí ilẹ̀ tó ṣú. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ wá ẹni méjì tàbí mẹ́ta tí ẹ ó jọ máa ṣe é, kí olúkúlùkù kọ́kọ́ dá gbìyànjú tirẹ̀ ná. Èyí tí kò bá yé yín, ẹ bi olùkọ́ tàbí àwọn tí ó ṣáájú yín. Abéèrè kì í ṣìnà.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá ní máàkì òun kò dára ní sáà kìíní, ẹ má tètè pariwo lé e lórí. Ẹ bi í pé, "Iṣẹ́ mélòó ni o ń fi ọwọ́ ara rẹ ṣe lóòjọ́?" Ìdáhùn rẹ̀ ni yóò fi ibi tí àtúnṣe wà hàn yín.

Kí Ọlọ́hun fi òye kún ìmọ̀ wa, kí Ó sì jẹ́ kí á kórè ohun tí a gbìn. Àmín.