Ẹ Má Dá Lọ, Ẹ̀yin Ọmọ Mi

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ jẹ́ nọ́ọ̀sì àti dókítà, orí mi máa ń wú bí mo bá rí i bí ẹ ṣe ń sáré lọ ran ará ìlú lọ́wọ́ nígbà wàhálà. Ṣùgbọ́n àṣìṣe kan ń ṣẹlẹ̀ lemọ́lemọ́: kálukú yín ń dá lọ, iṣẹ́ sì ń dàrú mọ́ yín lọ́wọ́.

Ẹ rántí Ebola ọdún 2014. Oṣù Keje ló wọ Èkó. Ènìyàn 20 ló mú ní Nàìjíríà, 8 kú, àwọn oníṣègùn sì wà lára wọn. Ètò ni wọ́n fi ṣẹ́gun rẹ̀: wọ́n wá àwọn tó fara kan aláìsàn rí, wọ́n sì ń ṣọ́ wọn fún ọjọ́ 21. Ìbẹ̀wò tí wọ́n ṣe sí wọn lé ní 18,000. Ta ló lè dá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe?

Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ yín ti kọ orúkọ àti iṣẹ́ tí kálukú mọ̀ sílẹ̀ kí wàhálà tó dé. Bí ẹ bá dé ibi wàhálà náà, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ẹni tó ń darí. Iṣẹ́ tí ẹ kọ́ ni kí ẹ ṣe. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan aláìsàn. Ẹ máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara yín, kí ẹni tó ti rẹ̀ lè sinmi. Ẹ má ya fọ́tò ẹni tó wà nínú ìrora.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ àyà. Ẹ pe ìpàdé lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ìwé orúkọ náà.