Ẹ Má Dúró De Ọjọ́ Ìsìnkú
Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀pọ̀ yín ń tọ́jú ọpẹ́ di ọjọ́ ìsìnkú: aṣọ ẹbí rẹpẹtẹ fún tíṣà tí ẹ kò pè rí nígbà ayé rẹ̀. Ẹ lè ní ọwọ́ yín kò tíì mú nǹkan. Ṣùgbọ́n nígbà tí Albert Camus, ọmọ tálákà láti Àlgéríà, gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1957, lẹ́tà kúkurú ló kọ sí Louis Germain, tíṣà rẹ̀ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, pé láìsí ọwọ́ tó nà sí òun, ọjọ́ náà kì bá tí wáyé. Ọ̀rọ̀ lásán ni, kò ná an lówó. Nítorí náà, ẹ pe àwọn tíṣà tó ṣe yín lóore lónìí. Ẹ dárúkọ oore náà gan-an. Ẹ sọ ohun tó sọ yín dà. Ọmọ tó bá dúpẹ́ oore àná, á gba òmíràn.